Irorẹ́ Kì Í Ṣe Ìdọ̀tí: Ìdáhùn sí Ìyá tí Ọmọ Rẹ̀ Méjì ń Bàlágà Lẹ́ẹ̀kan Náà

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Ọmọ mi méjì ló ń bàlágà lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí obìnrin, ọmọ ọdún 13, ti kó oríṣiríṣi ìpara tó rí nínú fídíò orí fóònù jọ. Ìgò mẹ́sàn-án ni mo kà lórí tábìlì rẹ̀, síbẹ̀ ojú rẹ̀ ń pọ́n, ó ń ta á, ó sì tún ń bó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 16, irorẹ́ ti bo ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀, nígbà míì kì í lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Ọṣẹ ìwẹ̀ nìkan ló ń lò, á sì máa fi kànrìnkàn ha ojú bí ẹni ń ha ìkòkò. Mo ní kó yé jẹ ọ̀rá, mo ní kó máa fọ ojú dáadáa, kò gbọ́. Bàbá wọn ní ká fi wọ́n sílẹ̀, pé bó bá tó àkókò á lọ. Báwo ni mo ṣe lè kọ́ wọn ní ìtọ́jú ara tó dáa, láìjẹ́ pé ojoojúmọ́ la ó máa jà sí i?”

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Màmá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà yín, nítorí pé ohun tí ẹ kọ gan-an ni mò ń bá pàdé láti ọdún 19 tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ẹ̀ka ìtọ́jú awọ ara. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ á ní ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ méjèèjì ò jọra: ọ̀kan ń ṣe àṣejù, èkejì ò ṣe tó. Lójú tèmi, ohun kan náà ni àwọn méjèèjì gbà gbọ́. Wọ́n gbà pé ojú àwọn dọ̀tí, pé nǹkan burúkú kan lẹ̀ mọ́ ọn tí àwọn gbọ́dọ̀ ha kúrò, tàbí kí àwọn fi ásíìdì jó o dànù. Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin náà ti sọ ohun tó jọ ọ́ nígbà tí ẹ ní kí ọmọkùnrin yín máa fọ ojú dáadáa. Ẹ̀bi yín kọ́. Ohun tí wọ́n sọ fún gbogbo wa ní kékeré nìyẹn. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀, torí bí a ò bá tú kókó yẹn, ìyókù ẹ̀kọ́ ò ní dúró.

Irorẹ́ kì í ṣe ìdọ̀tí. Nígbà tí ọmọ bá ń bàlágà, àwọn họ́mọ̀nù tí wọ́n ń pè ní androgen máa ń pọ̀ sí i nínú ara, ì báà ṣe ọkùnrin, ì báà ṣe obìnrin. Àwọn ló ń ti àwọn àpò kéékèèké tó ń pèsè òróró nídìí irun ara láti ṣiṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn àpò yìí pọ̀ lójú, láyà àti lẹ́yìn ju ibòmíràn lọ, ìdí nìyẹn tí irorẹ́ fi máa ń yọ síbẹ̀. Òróró náà ò burú, òun ni kì í jẹ́ kí ara le. Wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá pọ̀ jù, tí awọ òkú tó yẹ kó ré dànù látinú ihò irun sì lẹ̀ mọ́ra wọn, tí òun àti òróró wá pa pọ̀ dí ihò náà pa bí ìdérí ìgò. Bakitéríà kan wà tó ń gbé lára gbogbo wa, Cutibacterium acnes lorúkọ rẹ̀. Ó wà lára ẹni tí ojú rẹ̀ ń dán gbinrin pẹ̀lú. Bí ihò bá ti dí tí òróró kún inú rẹ̀, ibẹ̀ á tù ú lára, á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, ara á sì dìde láti bá a jà. Ìjà yẹn là ń rí tí ojú ń pọ́n, tó ń wú, tí ọyún sì ń gbá jọ sí i.

Nínú gbogbo èyí, ibo ni ìdọ̀tí wà? Abẹ́ awọ ni iṣẹ́ náà ti ń lọ, ó sì ti máa ń lọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó rí ohunkóhun. Àní àwọn tóótòòtó dúdú tó máa ń wà lórí imú, tí àwọn ọmọ ń fi èékánná fún, eruku kọ́ ni wọ́n. Òróró àti awọ òkú náà ni. Ẹnu ihò ló ṣí sílẹ̀, atẹ́gùn kàn án, orí rẹ̀ wá di dúdú. Kò sí fífọ̀ tó lè mú un kúrò. Iye tí àwa tó wà nídìí iṣẹ́ yìí sábà máa ń tọ́ka sí ni pé nínú èèyàn 100 tó wà láàárín ọdún 12 sí 24, bí 85 ni irorẹ́ máa ń yọ lára, bó ti wù kó kéré mọ. Mo máa ń kọ iye yìí sórí bébà pélébé fún àwọn ọmọ kí wọ́n mú un lọ sílé, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ló rò pé àwọn nìkan ni ara ń dá lóró.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ti ọmọkùnrin yín. Òkè awọ wa ní ìpele kan tó fẹ́lẹ́ ju bébà lọ, òun ló ń di omi ara mọ́ inú, tó sì ń dá ohun tó lè ṣe ara léṣe dúró níta. Ìpele yìí ní ásíìdì díẹ̀ nínú. Bí wọ́n bá fi òṣùwọ̀n pH wọ̀n ọ́n, èyí tí iye rẹ̀ máa ń kéré sí i bí ásíìdì bá ṣe pọ̀ tó, nǹkan bíi 5 ni. Ọ̀pọ̀ ọṣẹ ìwẹ̀ tó le ń tó 9 tàbí 10. Bí ọmọ bá ń fi irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ fọ ojú lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, tó tún wá fi kànrìnkàn ha á, ìpele yẹn ló ń ha dànù. Ojú á gbẹ, á fún un, irorẹ́ tó wà nílẹ̀ á túbọ̀ wú. Ọmọ á rí i pé ó ń pọ̀ sí i, á ní òun ò tíì ha á tó, á tún tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ọmọkùnrin kan wá bá wa tó jẹ́ pé búrọ́ọ̀ṣì ìfọbàtà ló fi ń fọ ẹ̀yìn. Nígbà tó bọ́ ẹ̀wù, mo rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí búrọ́ọ̀ṣì fà gba àárín àwọn irorẹ́ náà kọjá, àwọn kan ti ya, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ wọn lórí. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní wọ́n sọ fún òun nílé pé ọ̀lẹ ni kì í jẹ́ kí òun mọ́. Ọmọ tó ń ha ara rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde kì í ṣe ọ̀lẹ. N kò tíì gbàgbé ẹ̀yìn ọmọ náà.

Irú ti ọmọbìnrin yín ló ń pọ̀ sí i lọ́dọ̀ wa báyìí. Ọmọ ọdún 11, ọmọ ọdún 12, ń kó ìpara àgbàlagbà wọlé nítorí ohun tí wọ́n rí lórí TikTok àti YouTube. Ọ̀kan nínú wọn jókòó níwájú mi pẹ̀lú báàgì tó kún bámú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń kọ mànà bí ike, ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀ pọ́n. Mo ti òwú bọ omi, mo fi kàn án lẹ́rẹ̀kẹ́, omijé bọ́ lójú rẹ̀. Omi lásán ni o, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. A tú báàgì náà sórí tábìlì, a to àwọn ìgò náà, mo ní kó máa ka ẹ̀yìn wọn fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí glycolic acid nínú ti àkọ́kọ́, salicylic acid nínú èkejì, lactic acid nínú ẹ̀kẹta, retinol nínú ẹ̀kẹrin, ó wá dákẹ́. Ohun tí ìgò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣe kò jìnnà síra: wọ́n ń mú kí awọ òkè máa ré kíákíá. Oṣù méjì gbáko ló sì fi ń kùn wọ́n léra lálaalẹ́. Retinol tí wọ́n ń polówó pé kì í jẹ́ kí awọ hun jọ, àgbàlagbà tí awọ rẹ̀ ti ń hun ni wọ́n ṣe é fún. Awọ ọmọ ọdún 13 ń pààrọ̀ ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kò sí ohun tí ọmọ náà fẹ́ tún ṣe níbẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kó ṣe ni pé kó sinmi. Kí ìgò mẹ́sẹ̀ẹ̀sán wọ inú àpótí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ má fi ìbínú dà wọ́n nù, torí ọmọ tí wọ́n da ohun ìní rẹ̀ nù á ra òmíràn, á sì fi pa mọ́. Ohun mẹ́ta péré ló kù fún un láti máa lò, àwọn mẹ́ta yìí náà sì ni mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Èkíní ni ohun ìfọjú tó rọ̀, tí kò ní lọ́fíńdà, tí kì í jẹ́ kí ojú fún èèyàn lẹ́yìn tó bá fọ̀ ọ́ tán. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ti tó, àárọ̀ àti alẹ́, àfi bó bá ti eré ìdárayá dé tí òógùn bò ó. Ọwọ́ lásán ni kó fi fọ̀ ọ́, pẹ̀lú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tàbí tó tutù, kó sì fi aṣọ ìnura tó mọ́ tẹ ojú gbẹ, kó má nù ún nínù líle. Èkejì ni ìpara tí kì í jẹ́ kí ara gbẹ, kó kùn ún nígbà tí omi ò tíì gbẹ tán lójú. Àwọn ọmọ tí ojú wọn kún fún òróró máa ń sá fún ìpara, wọ́n ní á tún dá kún un. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ non-comedogenic sí lára, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọn ò ṣe é láti dí ihò ara. Ojú lè ní òróró kó sì tún gbẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ọmọkùnrin yín á ti wà bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú kànrìnkàn tí ẹ sọ yẹn.

Ẹ̀kẹta ni ìpara àdènà oòrùn, SPF 30 sókè (iye tí wọ́n ń kọ sí i lára láti fi bí ó ṣe ń dènà oòrùn tó hàn), láràárọ̀. Ọ̀pọ̀ òbí ló máa ń bi mí bóyá ara dúdú náà nílò rẹ̀. Òótọ́ ni pé ara dúdú ní ààbò díẹ̀ fúnra rẹ̀, oòrùn kì í tètè jó o bó ṣe ń jó ara funfun. Ṣùgbọ́n níbi tí irorẹ́ ti kúrò tó fi àmì dúdú sílẹ̀, oòrùn ló ń mú kí àmì yẹn dúdú sí i, kó sì pẹ́ kó tó parẹ́. Fún ọmọ tó ń wo àmì yẹn nínú jígí lójoojúmọ́, ìdí yẹn tó. Irú ìpara àdènà oòrùn kan máa ń fi ojú sílẹ̀ ní funfun bí ẹni kun ẹfun, kò sì sí ọ̀dọ́langba tó máa lo ìyẹn dé ọjọ́ kẹta. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ dán an wò lẹ́yìn ọwọ́ kí ẹ tó san owó.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá pé, tí ojú ọmọbìnrin yín ti rọlẹ̀, ó lè jẹ́ pé ẹ ò ní rí irorẹ́ tó pọ̀ níbẹ̀ rárá. Ó ti ṣẹlẹ̀ lójú mi lọ́pọ̀ ìgbà pé ohun tí ọmọ ń pè ní irorẹ́, ìpara ló fà á. Bí ó bá ṣì kù, òògùn ló kàn. Kó mú ẹyọ kan ṣoṣo, kó kọ́kọ́ dán an wò nínú apá fún ọjọ́ mélòó kan kó tó kàn án mọ́ ojú, kó má sì fi òmíràn kún un títí yóò fi mọ ohun tí àkọ́kọ́ ń ṣe sí òun.

Nínú àwọn òògùn tí èèyàn lè rà lọ́wọ́ apoògùn, méjì ni mo fọkàn tán jù. Benzoyl peroxide ń pa bakitéríà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, kì í sì í mọ́ bakitéríà náà lára bí àwọn òògùn apakòkòrò ṣe máa ń mọ́ ọn lára tí wọn ò fi ní ràn án mọ́. Ẹ má ra èyí tó lágbára jù. Ó ti pẹ́ tí ìwádìí ti fi hàn pé lórí irorẹ́ tó pọ́n, 2.5% ń ṣiṣẹ́ bíi 10%, kì í sì í ta ojú tó o. Ẹ kàn mọ̀ pé ó ń bó àwọ̀ aṣọ: aṣọ ìnura funfun àti ìrọ̀rí funfun ni kó máa lò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó rí àmì ràkọ̀ràkọ̀ lára aṣọ ilé yín. Èkejì ni adapalene. Òun kì í jẹ́ kí awọ òkú lẹ̀ pọ̀ nínú ihò irun, nítorí náà irorẹ́ tí kò tíì yọ ló ń bá jà. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2016 ni wọ́n ti ń ta 0.1% rẹ̀ láìgba ìwé dókítà, fún ẹni ọdún 12 sókè. Níbòmíràn, dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Ẹ lè bi mí pé ṣé ìbátan retinol tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wí kọ́ nìyẹn. Ìbátan rẹ̀ ni lóòótọ́. Àmọ́ èyí jẹ́ òògùn tí wọ́n ti yẹ̀ wò dáadáa lórí irorẹ́ àwọn ọ̀dọ́, tí a sì mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan ló tó fún gbogbo ojú, lálẹ́, lórí ojú tó ti gbẹ, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú alẹ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀. Gbogbo ibi tí irorẹ́ ti máa ń yọ ni kó fi kàn, kì í ṣe orí èyí tó ti yọ nìkan. Ẹni tó lóyún tàbí tó ń gbèrò oyún kò gbọ́dọ̀ lò ó.

Ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 ni àwọn òògùn yìí ń gbà. Mo máa ń sọ èyí ketekete fún ọmọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, torí oṣù kìíní ló le jù. Ojú á gbẹ, á máa ta wìnnìwìnnì, ó sì lè dà bíi pé irorẹ́ ń pọ̀ sí i. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ òògùn nù, tí wọ́n ń lọ ra òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi ọdún méjì kú sẹ́nu ọ̀nà. Ohun tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni kí wọ́n ya fọ́tò ojú ara wọn ní ọjọ́ kìíní, nídìí fèrèsé kan náà, ní àkókò kan náà, kí wọ́n má sì yà á mọ́ títí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yóò fi pé. Ẹni tó ń wo jígí lójoojúmọ́ kò lè rí ìyàtọ̀. Nígbà tó bá gbé fọ́tò méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, á rí i.

Bàbá wọn náà ò parọ́. Irorẹ́ púpọ̀ ló máa ń lọ bí ọmọ bá ti wọ ọdún ogún àti díẹ̀. Ohun tí kì í bá a lọ ni àpá. Irorẹ́ tó jinlẹ̀, èyí tí èèyàn fọwọ́ kàn tó dà bí òkúta lábẹ́ awọ, máa ń fi kòtò sílẹ̀ lójú tàbí àpá tó wú rògòdò láyà àti lẹ́yìn, owó àti wàhálà tí èèyàn máa ṣe lórí àpá sì ju ti irorẹ́ fúnra rẹ̀ lọ fíìfíì. Kí a fi sílẹ̀ kó lọ fúnra rẹ̀ lè dára fún ọmọ tí irorẹ́ mẹ́ta yọ sí níwájú orí. Kò dára fún ọmọ tí kò lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn.

Ọ̀rọ̀ àpá ló mú mi dé ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí jù lọ. Àmì dúdú tí irorẹ́ fi sílẹ̀ lára aláwọ̀ dúdú kì í ṣe àpá gidi. Awọ ló tú àwọ̀ dúdú jáde nígbà tó ń jà, ó sì lè gba oṣù mélòó kan, nígbà míì ju ọdún kan lọ, kó tó parẹ́. Ọmọ tí kò mọ èyí á rò pé ojú òun ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹni kan á sì yọ síwájú rẹ̀, ọ̀rẹ́ tàbí ẹni inú fídíò, pẹ̀lú ìpara tó máa jẹ́ kí ojú mọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Mo ti kọ́ láti máa bẹ̀rù ọ̀sẹ̀ kan yẹn. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ kíákíá bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ steroid líle bíi clobetasol, òògùn tó ń mú kí awọ tó wú rọlẹ̀, tàbí hydroquinone, òògùn tó ń bó àwọ̀ dúdú, tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀n, tàbí mẹ́kúrì, irin olóró kan. Steroid á mú kí irorẹ́ rọlẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan, inú ọmọ á dùn. Lẹ́yìn náà awọ á fẹ́lẹ́, ìlà á ya lára rẹ̀, irorẹ́ mìíràn á yọ, ọjọ́ tó bá sì dáwọ́ dúró ni ojú á gbiná bí iná. Hydroquinone tí wọ́n lò pẹ́ lè sọ ojú di dúdú bí aró, dípò kó mọ́. Mẹ́kúrì ń ba kíndìnrín àti iṣan ọpọlọ jẹ́. Àdéhùn Minamata tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní ọdún 2013 ní kí wọ́n dẹ́kun síṣe ìpara abóra tó ní mẹ́kúrì àti kíkó o wọ orílẹ̀-èdè tàbí jáde, ọdún 2020 ni wọ́n sì kọ́kọ́ dá fún un, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń rí i lọ́jà. Ìpara tí wọn ò kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí lára, tàbí tí ẹnì kan pò fúnra rẹ̀ sínú ike, kò gbọ́dọ̀ kan ojú ọmọ yín. Lórí èyí, ẹ lè jà o. Gbogbo ìyókù la lè fi pẹ̀lẹ́ ṣe.

Ní ti oúnjẹ, kò sí ẹ̀rí tó dájú pé ọ̀rá inú oúnjẹ ló ń di òróró ojú, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọ̀rá sinmi. Ìwádìí kan tọ́ka sí ohun dídùn tó pọ̀ jù àti wàrà, ṣùgbọ́n ipa wọn ò pọ̀, kì í sì í rí bákan náà lára gbogbo èèyàn. Ohun tí mo tún máa ń wò ni ìpara irun: bí irorẹ́ bá tò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sí etí irun níwájú orí, òróró tí ọmọ ń fi sí irun ló ń ṣàn wá síbẹ̀. Báàgì tó ń fún ẹ̀yìn àti ẹ̀wù eré ìdárayá tí òógùn gbẹ mọ́ náà ń dá kún ti ẹ̀yìn. Ọṣẹ ìfọyín àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń fi sórí irorẹ́, kí wọ́n má dán an wò. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ pẹ̀lú oòrùn lè jó awọ títí tí yóò fi lé róró.

Ẹ wá bi mí bí ẹ ṣe lè kọ́ wọn láìsí ìjà. Mo máa kọ́kọ́ bẹ̀ yín pé kí ẹ má sọ̀rọ̀ nípa ojú wọn láì jẹ́ pé àwọn ló dá a sílẹ̀. “Kí ló tún yọ sí ọ lójú yìí?” Lẹ́nu wa, ọ̀nà àtikí ọmọ ni. Ní etí ọmọ tó ti dúró fún ìdajì wákàtí níwájú jígí kó tó lè jáde sí gbangba, ó ti gbọ́ pé gbogbo ayé ló ń wo òun. Ẹ bá àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yín tó máa ń wá sílé sọ ọ́ pẹ̀lú, kí wọ́n fi ojú ọmọ náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá àkókò tó dákẹ́, tí ẹ ò ní máa wo ojú ara yín tààrà, bóyá nínú ọkọ̀ tàbí nídìí àwo tí ẹ ń fọ̀, kí ẹ sọ fún ọmọkùnrin yín pé: “Mo rò pé ọ̀rọ̀ ojú yìí ń dùn ọ́. Ìwọ kọ́ lo fà á, èmi ni mo ṣì ọ́ lọ́nà nígbà tí mo ní kó o máa fọ̀ ọ́ gidi. Oògùn rẹ̀ wà, ó máa gbà tó oṣù mẹ́ta. Ṣé ká jọ wá a?” Bó bá ní rárá, ẹ gbé ohun ìfọjú àti ìpara náà sí balùwẹ̀, kí ẹ má sọ nǹkan kan mọ́. N kò lè ka iye ọmọkùnrin tó sọ fún mi pé àwọn ò fẹ́ nǹkan kan, tí ìgò inú balùwẹ̀ wọn sì ń dínkù.

Bàbá wọn ní iṣẹ́ tirẹ̀ níbí. Bí ọmọkùnrin yín bá ti ń fá irùngbọ̀n, bàbá ló yẹ kó fi hàn án bí wọ́n ṣe ń fá a: kó fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ mú irun rọ̀, kó fá a síbi tí irun dorí kọ, kó má tẹ abẹ mọ́ awọ, kó má sì fá a rekete. Irun tó tún wọ inú awọ padà máa ń wú bí irorẹ́, pàápàá lára ẹni tí irun rẹ̀ ká kóńkó, èèyàn á sì máa fi òògùn irorẹ́ tọ́jú ohun tí abẹ fà. Ní ti ọmọbìnrin yín, ẹ jẹ́ kó máa kọ́ yín. Ẹ ní kó ka ẹ̀yìn ìgò kan fún yín, kó wá ohun tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí, kó sì sọ fún yín ẹni tó ń sanwó fún ẹni tó polówó rẹ̀. Ọmọ tó ní ọgbọ́n àti kó ìgò mẹ́sàn-án jọ ní ọgbọ́n tó máa fi já irọ́ inú fídíò, bí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè dípò kí wọ́n bá a wí. Kí ẹ̀yin náà sì máa fọ ojú tiyín lálẹ́ níbi tí wọ́n ti lè rí yín. Fífún irorẹ́ ni ìwà tó ṣòro jù láti fi sílẹ̀, torí ọwọ́ máa ń lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀ ni; ìlẹ̀mọ́ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní hydrocolloid máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́, ó ń bo ojú irorẹ́ kí èékánná má rí i.

Bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ láti lọ síléèwé, tó ń yẹra fún àwọn ọ̀rẹ́, tí oorun tàbí oúnjẹ rẹ̀ yí padà, ẹ má sọ pé nítorí irorẹ́ lásán ni. Mo ti rí i tí irorẹ́ kékeré fọ́ ọmọ lọ́kàn pátápátá. Kí ẹ bi í tààrà, kí ẹ sì wá ìrànlọ́wọ́ fún ọkàn rẹ̀ àti ojú rẹ̀ papọ̀.

Gbogbo ohun tí mo kọ yìí, n kò rí àwọn ọmọ yín. Ó lè jẹ́ pé ohun mìíràn ló ń ṣe ojú ọmọbìnrin yín, bí ara tó kọ ọ̀kan nínú àwọn ìpara náà, tí ojú rẹ̀ á sì wú tàbí kó máa yún un láìdábọ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí dókítà wò ó. Bí irorẹ́ tó le bá yọ sí i lọ́jọ́ iwájú, tí nǹkan oṣù rẹ̀ ò bá sì lọ déédéé tàbí tí irun ń hù sí i lágbọ̀n, ẹ mẹ́nu bà á fún dókítà, torí họ́mọ̀nù lè wà nídìí rẹ̀. Irú kòkòrò àìfojúrí kan tí wọ́n ń pè ní fungus náà máa ń wọ ihò irun ẹ̀yìn, tí yóò jọ irorẹ́, tí yóò sì máa yún. Òògùn irorẹ́ kì í ran ìyẹn.

Ti ọmọkùnrin yín ni mi ò lè fi fóònù tàbí lẹ́tà yanjú. Irorẹ́ tí kì í jẹ́ kí ọmọ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ ti jinlẹ̀ ju ohun tí ìpara lè dé lọ. Ó lè gba òògùn tí wọ́n ń gbé mì fún oṣù mélòó kan, ó sì lè gba isotretinoin, òògùn tó lágbára gan-an, tí wọ́n ti ń lò láti ọdún 1982, tó máa ń wo irorẹ́ líle sàn, ṣùgbọ́n tí dókítà gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ tẹ̀lé e pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ọmọbìnrin yín lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin rẹ̀ sinmi nílé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú lọ rí dókítà awọ ara, lọ́sẹ̀ yìí bó bá ṣeé ṣe, kí àpá tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀yìn rẹ̀.